Hard disk inú dìkódà àtijọ́: ṣé kọ̀ǹpútà lè lò ó?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo yọ hard disk 500 GB kan láti inú dìkódà àtijọ́ tó máa ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Mo fi USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń yí, àmọ́ mi ò rí i láàárín àwọn disk yòókù nínú Windows. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé mo ṣì lè wo àwọn eré tó wà lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Bó bá ń yí, ó lè má ní àléébù kankan. Linux (ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Windows) ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú dìkódà bẹ́ẹ̀, ext3 tàbí XFS ni wọ́n sì fi ń to nǹkan sórí disk. Windows ò mọ ìkankan kà nínú méjèèjì. Ní ti àwọn eré, ẹ gbọ́kàn kúrò níbẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn dìkódà náà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ara wọn ti ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ pa. (Bó bá jẹ́ pé ẹ yá dìkódà náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ni, disk inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín.)

Disk 3.5 inch ń fẹ́ iná 12 V pẹ̀lú 5 V, bẹ́ẹ̀ 5 V nìkan ni USB ń fún un. Nítorí náà, adápítà tó ní ṣájà tirẹ̀, 12 V, 2 A, ni kí ẹ máa lò. Bí iná yẹn ò bá tó, disk á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á kú, á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Kí Windows tó lè lo disk náà, ẹ ní láti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò kan tó ń sọ bí ara disk ṣe rí, yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò, ìyẹn iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ dìkódà kì í sinmi. Bí ẹ tilẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n, disk ṣì ń yí. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, ọdún márùn-ún jẹ́ 43,800. Wákàtí púpọ̀ nìkan ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ìlà 05 (iye ibi tó bàjẹ́ tí disk ti fi òmíràn rọ́pò), C5 (iye ibi tó ń fura sí) àti C6 (iye ibi tí kò lè tún ṣe): òdo ló yẹ kó wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣọ́ra o, bí ètò yìí ṣe wà látilẹ̀, kì í fi òǹkà tí a mọ̀ kọ iye tó wà níbẹ̀. 10 tí ẹ bá rí jẹ́ 16. Ẹ lè yí i padà sí 10 [DEC] lábẹ́ Raw Values.

Àwọn kan ní disk dìkódà máa ń fo àṣìṣe kọjá kí fídíò má baà dúró, pé ó lè ba fáìlì jẹ́. Àṣẹ pàtàkì kan ni dìkódà fi ń ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Windows kì í fún un ní irú àṣẹ yẹn, nítorí náà yóò kà á bíi disk yòókù. Kìkì pé kì í yára, 5,400 tàbí 5,900 ni púpọ̀ nínú wọn ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fi Windows sí i.

Ẹ wá ṣí diskpart, ètò inú Windows tí a fi ń ṣètò disk, gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ ìwọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn:

list disk
select disk 1
clean
convert gpt
create partition primary
format fs=ntfs
assign

Nọ́ńbà disk tiyín lè má jẹ́ 1. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 465 GB ni ẹ ń wá, torí bẹ́ẹ̀ ni Windows ń ka 500. Clean kì í bi èèyàn léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá mú disk tó yàtọ̀, ó parí nìyẹn. Mi ò fi quick sí ìdí format, kó lè kọ òdo dé ibi gbogbo. Á gbà tó wákàtí méjì, tàbí márùn-ún lórí USB 2.0.

Bí clean bá kọ̀ jálẹ̀, ó lè jẹ́ pé dìkódà ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Lórí Linux, ẹ tẹ hdparm -I pẹ̀lú orúkọ disk náà (bíi /dev/sdb). Bí locked bá wà lábẹ́ Security láìsí not níwájú rẹ̀, tí ẹ ò sì mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ má fi àkókò ṣòfò.

Lẹ́yìn format, ẹ tún wo C5. Bó bá ṣì wà ní òdo, ẹ kó ẹ̀dà kejì àwọn fáìlì yín sí i. Bó bá ti gòkè, ẹ má kó nǹkan kan sí i.