Èsì: Àga Pat Summitt ní Tennessee

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí Yunifásítì Tennessee fi lé Kellie Harper, olùkọ́ni bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin, ní 2024, nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ kò pa ìdíje NCAA, ìyẹn ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, jẹ rárá. Ní tèmi, ife NCAA 8 tí Pat Summitt, olùkọ́ni ikọ̀ náà nígbà kan, gbà láàárín 1987 sí 2008 ni òṣùwọ̀n tí àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ náà fi ń wọn ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí àga rẹ̀. Holly Warlick, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gba ipò rẹ̀, gbé wọn dé ìpele ẹgbẹ́ 8 tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ wọ́n ní kó máa lọ ní 2019. Harper kì í ṣe àjèjì, nítorí ó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù nínú ikọ̀ Tennessee tó gba ife léraléra ní 1996, 1997 àti 1998, àmọ́ kò lè kọjá ìpele ẹgbẹ́ 16, Yunifásítì NC State (tó ti lé Harper fúnra rẹ̀ níṣẹ́ olùkọ́ni ní 2013, ẹ ò rí nǹkan!) ló sì fi 79 sí 72 parí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ò gbà pé ó tọ́. Sáà 5, tí àrùn kòrónà sì fagi lé ìdíje ọ̀kan nínú wọn, kéré jù láti fi dá a lẹ́jọ́, pàápàá nígbà tí South Carolina àti LSU, tí àwọn àti Tennessee jọ wà ní líìgì SEC, ń gba ife náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti 2022 dé 2024.