Kí ló gbé àwọn ẹ̀yà Hmong láti Laos ní Éṣíà dé ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ṣé wọ́n ṣì di àṣà wọn mú?

Ogun ni. CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló gbà wọ́n láti bá àwọn kọ́múníìsì jagun ìkọ̀kọ̀ ní Laos, lábẹ́ Ọ̀gágun Vang Pao, tóun náà jẹ́ Hmong. Nígbà tí àwọn kọ́múníìsì gbàjọba lọ́dún 1975, ọ̀pọ̀ sọdá odò Mekong sí àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Thailand, ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé Amẹ́ríkà. St. Paul, olú ìlú Minnesota, ni púpọ̀ wọn wá fìdí kalẹ̀ sí.

Àṣà wọn ò parun rárá. Wọ́n ń ṣọdún tuntun wọn, wọ́n sì ní ọjà tiwọn. Èyí tó wù mí jù ni paj ntaub, aṣọ ọlọ́nà wọn: inú àgọ́ Thailand yẹn làwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya àwòrán sára rẹ̀ láti sọ ìtàn ogun àti bí wọ́n ṣe sá lọ, wọ́n sì ń tà á.