“After” yìí, irú ọ̀rọ̀ wo ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi wà ní Year 6 níbí ní London, oṣù karùn-ún ni wọn yóò ṣe ìdánwò gírámà. Mo kọ́ ọ pé adjective ni “my”, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nílé. Tíṣà fa ìlà pupa sí i nídìí. Wọ́n tún ní “after” lè jẹ́ èyí lónìí, kó jẹ́ tọ̀hún lọ́la. Ṣé gírámà ti yí padà ni, àbí èmi ni mo gbàgbé ìwé?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbàgbé ìwé rárá. Parts of speech mẹ́jọ la há sórí nílé, a sì máa ń fi interjection kádìí rẹ̀. Ní England níbí, determiner (ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ láti fi èyí tí à ń sọ hàn) ni wọ́n ń bi ọmọ: “a”, “the”, “this”, àti “my” tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ. “My bag”, determiner. “The bag is mine”, arọ́pò orúkọ (pronoun). Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti “after” ló le, ibẹ̀ ni ọmọ tèmi náà ti ṣubú. “We ate after church”: ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ló tẹ̀lé e, atọ́kùn (preposition) ni. “We ate after we left church”: olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe ló tẹ̀lé e, ó ti di àsopọ̀ (conjunction) nìyẹn. Ẹni tó jókòó tì í ni kí ọmọ máa wò.

“Ní” tiwa ni mo fi ṣàlàyé fún un. “Títí ní bàtà”: ọ̀rọ̀ ìṣe. “Bàtà wà ní ilé”: atọ́kùn. Ó ṣẹ́jú, ó ní, “Yorùbá náà ní gírámà?” N ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bínú. (Ẹ sì wò ó, “ó ní” tí mo kọ yẹn, “ó wí” ni, “ní” mìíràn tún nìyẹn.)

Ẹ tún ṣọ́ gbólóhùn ìyanu (exclamation) o. Nínú ìdánwò yẹn, “What” tàbí “How” ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Come here!” ní àmì ìyanu lóòótọ́, àmọ́ àṣẹ ni.

Máàkì 50 ni, ìṣẹ́jú 45, kò sáyè à ń ronú pẹ́. Ẹ mú ìwé ìtàn tó fẹ́ràn, kó fi pẹ́ńsù yí “before”, “after” àti “since” ká, kó sọ ohun tó tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé kan lálaalẹ́ ti tó.