Ẹ gba amọ̀nà ní Fez

Ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kéèyàn sanwó amọ̀nà fún ọjọ́ kan péré nínú ìlú àtijọ́ Fez, ní Mòrókò. Ó yẹ o! Mọ́tò ò wọ inú odi ìlú yẹn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kẹ́rù. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ “Balak!”, ìyẹn “Ẹ yàgò!”, ẹ yáa fara mọ́ ògiri. Ní Chouara, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, wọ́n á fún yín léwé míńtì kí ẹ fi sí imú, torí imí ẹyẹlé wà nínú ohun tí wọ́n fi ń rẹ awọ. Òórùn ọ̀hún, há à! Ẹ tètè sọ fún amọ̀nà pé ẹ ò rajà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa mú yín kiri. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Tìjáníyyà, ẹ ní kó mú yín dé sàréè Sheikh Ahmad Tijani.