Ìdí Tí Adẹ́mu Kì í Fi Dé Ẹnu Akèrègbè Pa

Ìbéèrè tí ó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni pé, kí ló dé tí àwọn àgbà adẹ́mu fi máa ń fi ewé dí ẹnu akèrègbè láìfún un, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kò gbọdọ̀ dé e pa, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú. Ṣé èèwọ̀ ni, àbí ọgbọ́n?

Ọgbọ́n ni, ó sì wù mí kí a mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ooru ni ó ń fọ́ akèrègbè. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru nìkan kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Gáàsì yòówù tí a bá sé mọ́ inú nǹkan jẹ́ èérún àìmọye tí ojú kò lè rí, tí kì í dúró lójú kan. Wọ́n ń sáré kiri, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n sì ń kọlu ara ohun tí ó sé wọn mọ́. Àpapọ̀ ìkọlù yìí ni ipá tí gáàsì fi ń ti nǹkan. Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ará Switzerland, ti kọ èyí sínú ìwé láti ọdún 1738. Bí ooru bá pọ̀ sí i, eré wọn a yá sí i, ìkọlù a wáyé lemọ́lemọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ooru gáàsì kì í ti orí òdo tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀, láti nǹkan bí 273 ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀ òdo ni a ti ń kà á. Nítorí náà 27°C jẹ́ 300, 42°C sì jẹ́ 315. Bí kẹ́ẹ̀gì tí a dé pa bá wà ní 27°C láàárọ̀, tí ó sì di 42°C nínú búùtù ọkọ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù, ìdá kan nínú ogún péré ni ipá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi lé. Akèrègbè tí ó dára kò ní tìtorí èyí fọ́.

Ohun tí ó ń fọ́ ọ ni pé èérún gáàsì inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní iye. Yálà ẹmu ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, ìwúkàrà àdánidá inú rẹ̀ ń sọ ṣúgà di ọtí àti carbon dioxide, gáàsì tí ó ń mú ẹmu hó. Ṣúgà gíráàmù 10 péré nínú lítà ẹmu kan lè mú gáàsì tí ó ju lítà méjì lọ jáde. Ooru ọ̀sán a tún mú ìwúkàrà náà yára, a sì mú gáàsì tí ó ti yòrò sínú ẹmu jáde, nítorí ohun olómi tí ó gbóná kò lè di gáàsì mú bí èyí tí ó tutù. Bí kò bá sí ojú ihò láàárín ewé tí gáàsì lè gbà jáde, ara akèrègbè ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Ẹmu inú ìgò tí wọ́n ti fi ooru pa ìwúkàrà rẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ohun tí yóò máa bí gáàsì tuntun mọ́ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè dé e pa.