Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Dráífà wo ni kí n rà sí họ́ọ̀nù mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, sáúǹdì ni mo fi ń jẹun, mo máa ń gbé e lọ sóde àríyá, mo tún máa ń gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àpótí mi méjèèjì, wóòfà 15 inch ló wà nísàlẹ̀, họ́ọ̀nù tí ọ̀fun ẹ̀ jẹ́ 1 inch ló wà lókè, kúrósófà inú ẹ̀ (èyí tó ń pín ohùn sí wóòfà àti họ́ọ̀nù) gé e sí 1.6 kHz. Dráífà ọ̀kan (ẹ̀rọ ẹ̀yìn họ́ọ̀nù tó ń mú ohùn jáde) ti jó lóde ìsìnkú kan, èkejì ti ń dún bí ìgbà téèyàn ń ya bébà. Mo dọ́jà, wọ́n kó mẹ́ta síwájú mi: kékeré kan tí kọ́ìlì ẹ̀ jẹ́ 25 mm, wọ́n kọ 150 watts gàdàgbà sí i lára; ọ̀kan tí kọ́ìlì ẹ̀ jẹ́ 44 mm, 60 watts AES ni wọ́n kọ sí tiẹ̀; àti tòkunbọ̀ ràgàjì kan, ọ̀fun 2 inch, kọ́ìlì 100 mm, tí ọlọ́jà ní kí n lọ bá wẹ́dà kó bá mi ṣe adápítọ̀ táá jẹ́ kó wọ họ́ọ̀nù mi. Kékeré yẹn ló rọjú jù, watts ẹ̀ tún ju ti 44 mm lọ, ṣé kí n kúkú mú un ni?
Oní-sáúǹdì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Má mú un o, àbúrò. Watts tí wọ́n kọ sára dráífà ló yẹ kéèyàn wò gbẹ̀yìn, òun gan-an la sì máa ń kọ́kọ́ wò. Ohun tó yẹ kó o bi ara ẹ ni pé níbo ni wóòfà ti máa dákẹ́ tí họ́ọ̀nù á gbà á? Tìẹ, 1.6 kHz ni, ó ti tán. Dráífà tí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀ dé 1.6 kHz láìṣe wàhálà, ì báà jẹ́ 1,000 watts ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe tìẹ.

Èyí tí kọ́ìlì ẹ̀ jẹ́ 25 mm, 2 kHz tàbí 2.5 kHz sókè làwọn tó ń ṣe é sábà máa ń ní kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Tó o bá fi sí 1.6, á dún, o ò tiẹ̀ ní mọ nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ bí òde bá ti gbóná tí MC ń pariwo tí wọ́n sì ní kó o fi kún un, ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí bí ohùn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni diaphragm, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú dráífà tó ń gbọ̀n, gbọ́dọ̀ máa rìn jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà láàárín òun àti phase plug, nǹkan líle tó wà níwájú ẹ̀, kì í sábà tó mìlímítà kan. Á máa gbá a. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí èkejì ẹ ṣe di oníbébà nìyẹn.

Ràgàjì yẹn ńkọ́? Dráífà gidi ni, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyí. 500 Hz sí 800 Hz ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ láti máa bẹ̀rẹ̀, lórí họ́ọ̀nù ńlá. Diaphragm ẹ̀ tóbi, ó wúwo, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá kan ohùn tó tín-ín-rín gan-an, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ló tún máa ń gbé tùwítà mìíràn lé e. Kéèyàn wá fi adápítọ̀ wẹ́dà fún ọ̀fun 2 inch pa di 1 inch, jọ̀ọ́, fi owó ẹ pa mọ́.

44 mm ni kó o mú. Púpọ̀ nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ láti 1.2 tàbí 1.5 kHz. Ṣùgbọ́n wo bébà àlàyé tó bá a wá, kó o rí nọ́ńbà kúrósófà tí wọ́n fọwọ́ sí àti iye dB per octave (bí gígé náà ṣe gbọ́dọ̀ le tó) tí wọ́n ní kí kúrósófà fi gé e. Dráífà tí kò ní bébà, tí nọ́ńbà ẹ̀ ò sì sí níbì kankan, èmi ò lè rà á.

Ti watts yẹn: AES túmọ̀ sí pé wọ́n fi ariwo pink noise lù ú fún wákàtí méjì gbáko tí kò bàjẹ́. 60 AES, àwọn mìíràn á kọ ọ́ sí 120 programme, 240 peak, nǹkan kan náà ni. Ta ló mọ èyí tí 150 ti kékeré jẹ́? O ò tiẹ̀ nílò wáàtì rẹpẹtẹ níbẹ̀. Dráífà orí họ́ọ̀nù lè mú 107 dB jáde pẹ̀lú wáàtì kan ní mítà kan, wóòfà ẹ lè jẹ́ 97. Dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá agbára. Bí wóòfà bá ń jẹ 200 watts, 20 ti tó dráífà. Ìdí nìyẹn tí rẹsísítọ̀ tó ń dín agbára tó ń lọ sí dráífà kù fi wà nínú kúrósófà, àwọn rípíà kan á yọ ọ́ dànù pé káwọn jẹ́ kó "dún dáadáa", ẹ̀yin náà ẹ wá máa pariwo pé tùwítà ń jó.

Diaphragm titanium àbí ti polyester? Ohun tétí ẹ bá fẹ́. Titanium máa ń dán, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo á máa gún èèyàn létí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fún ìwàásù, polyester ni tèmi.

Kó o tó sanwó, wo bó ṣe ń wọ họ́ọ̀nù. Àwọn kan ń yí wọlé, okùn ẹ̀ jẹ́ 1⅜ inch, 18 TPI (ìlà okùn 18 nínú inch kan). Àwọn kan bóòtù méjì tó jìnnà síra ní 76 mm. Gbé mítà dání pẹ̀lú: dráífà 8 ohms yẹ kó ka bíi 6, tí kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já. Àní, kọ́kọ́ fi mítà yẹn wo méjèèjì tó wà nílé, ó lè jẹ́ diaphragm nìkan lo máa rà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fi sẹ́lótéèpù fa ìdọ̀tí inú ihò màgínẹ́ẹ̀tì jáde kó o tó fi tuntun sí i, kó o sì pààrọ̀ ti méjèèjì pọ̀ kí ọ̀tún àtòsì lè dún bákan náà.

Ọjọ́ tó o bá wá fẹ́ fi amp lọ́tọ̀ sí họ́ọ̀nù, fi kapásítọ̀ 40 µF tí kò ní pọ́sítíìfù-nẹ́gétíìfù sójú ọ̀nà wáyà kan tó ń wọ dráífà. Lórí 8 ohms, 500 Hz sísàlẹ̀ ló máa dín kù, kò ní ba ohùn ẹ jẹ́, àmọ́ gbàà tí amp máa ń gbá nígbà tí NEPA bá mú iná lójijì, òun ló máa gbà á.

Ìbéèrè: Ta ló kọ́kọ́ ṣe irú dráífà yìí ná?
Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà

Ìdáhùn: Wente àti Thuras ní ilé ìwádìí Bell Labs, l'Amẹ́ríkà. Dráífà Western Electric 555 tiwọn jáde ní 1926, fún sinimá tó ń sọ̀rọ̀. Amp ayé ìgbà yẹn ò lágbára, wáàtì díẹ̀ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi kún inú gbọ̀ngàn, ìdí tí wọ́n fi gbé họ́ọ̀nù lé e nìyẹn.

Ìbéèrè: Dráífà họ́ọ̀nù orí mọ́sáláṣí wa wọ họ́ọ̀nù inú àpótí sípíkà mi géérégé, ṣé mo lè lò ó?
Alhaji, Ìsẹ́yìn

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé ó máa wọ̀ ọ́, Alhaji, okùn 1⅜ yẹn náà ló wà lára tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún, púpọ̀ wọn ti dákẹ́ tó bá ti kọjá bíi 6 kHz, òmíràn tún ní tàǹsífọ́mà 100 volts nídìí. Ẹ jẹ́ kó máa pe ìrun lọ.