Ríìmù Wo Ló Máa Wọ Land Rover Bàbá Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi Land Rover kan sílẹ̀ fún mi, Series III kúkurú tí wọ́n ń pè ní 88 yẹn (ínǹṣì 88 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn), ọ́kíṣọ̀n ìjọba ni wọ́n ti rà á láyé ọjọ́un. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì ń dún dáadáa àmọ́ ríìmù ẹ̀ ti dípẹtà débi pé fọkanáísà àdúgbò wa lóun ò fọwọ́ kàn án mọ́, táyà náà sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dé Ládípò, ọjà pátì mọ́tò l'Ékòó, ẹnì kan ní kí n ra ríìmù alóyì Discovery, ó ní ṣebí Land Rover náà ni, ẹlòmíì ní kí n ra ti Hilux kí wẹ́dà bá mi tún ihò ẹ̀ lu torí ìyẹn ló pọ̀ nílẹ̀. Èwo ni kí n ṣe, táyà wo ni kí n sì rà? — Ọmọ Onílandrover, Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó ò jẹ́ kí mọ́tò bàbá jẹrà mọ́lẹ̀. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má gbà fún wẹ́dà kankan kó fọwọ́ kan ihò ríìmù. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni tìẹ, mẹ́fà ni ti Hilux, kó tó lè wọ̀ wọ́n á fi iná dí ihò tó wà níbẹ̀, wọ́n á wá lu òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, irin tí iná ti jó yẹn lo wá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé lórí Third Mainland Bridge pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú ọkọ̀? Rárá o. Ẹni tó bá sọ pé òun ti ṣe é fún èèyàn púpọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, sáà kí i kó o máa lọ.

Ohun tó o máa mú lọ sọ́jà ni rúlà àti nọ́ńbà kan, 165.1 mìlímítà. Fífẹ̀ òbìrí tí nọ́ọ̀tì márààrún tò lé ni mò ń sọ, òun ni wọ́n ń pè ní PCD. Àmọ́ torí pé márùn-ún ni wọ́n, kò sí ihò tó dojú kọ èkejì gan-an, tó o bá wọ̀n ọ́n látòdì sódì irọ́ ni rúlà máa pa fún ẹ. Láti àárín ihò kan dé àárín ihò tó tẹ̀ lé e ni kó o wọ̀n, 97 mìlímítà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ bíi 70 lo rí, ti Discovery 2 nìyẹn tàbí ti Range Rover tuntun tó jáde ní 1994, kò lè wọ̀ ọ́ láéláé.

Àwọn tí 97 yẹn bá mu ni gbogbo Series, Defender àtijọ́ tí wọ́n ṣe títí di 2016, Range Rover àkọ́kọ́ àti Discovery àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1998. Tó bá jẹ́ Discovery àkọ́kọ́ ni ẹni Ládípò yẹn ní lọ́wọ́, ihò ẹ̀ máa wọlé lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń tan èèyàn. Alóyì yẹn nípọn ju ríìmù irin lọ, bóòtù tìẹ ò ní gùn tó, nọ́ọ̀tì ẹ̀ náà yàtọ̀, ọlọ́rùn gígùn tó ní wáṣà ni, tìẹ sì jẹ́ èyí tí ẹnu ẹ̀ rí ṣóńṣó. Ó tún máa ń jókòó sínú jù, tó o bá yí sítíárì dé òpin táyà lè máa ha sípíríìnì. Ríìmù irin oní-ínǹṣì 16 ti Defender tàbí ti Series mìíì ni kó o wá. Yàtọ̀ sí Ládípò, dé Òwódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àtijọ́, tó o bá sì ní ẹbí n'Íbàdàn, ní kí wọ́n bá ẹ bèèrè, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Leyland ti ń to Land Rover pọ̀ nígbà kan, àwọn àgbà mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà dénú ṣì wà níbẹ̀.

Tó o bá rí i, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lẹ́bàá ihò nọ́ọ̀tì kó o wò ó bóyá ó ti sán, kó o sì yí i wò bóyá ó wọ́. Nọ́ọ̀tì ńkọ́? Series àtijọ́ ń lo bóòtù 9/16 ínǹṣì, àwọn tó jáde lẹ́yìn ń lo 16 mìlímítà, nọ́ọ̀tì ńlá ti 16 á kàn gba orí bóòtù kékeré ti 9/16 kọjá, kò ní di nǹkan kan mú. Bóòtù ara ọkọ̀ ẹ ni kó o fi yan nọ́ọ̀tì.

Ó ku táyà. 6.00-16 tàbí 205R16 ni ti ọkọ̀ kúkurú, 7.50-16 ni ti gígùn tí wọ́n ń pè ní 109. Wọ́n máa fi 7.50R16 lọ̀ ẹ́ dáadáa torí pé ó pọ̀ l'Ékòó, òun ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Canter àti Dyna ń lò. Ó máa wọ̀, àmọ́ ẹrù ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ ply 14, ìyẹn ni pé ó le gan-an, ọkọ̀ fúyẹ́ bíi tìẹ á máa fò sókè ní gbogbo gálọ́ọ̀pù. Ó tún ga ju 205R16 lọ ní bíi mìlímítà 65 sí 70, tí mítà bá pè é ní 80 o ti ń sá tó 87. Èmi á ní kó o wá 205R16 tàbí 205/80R16, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà. Má jẹ́ kí wọ́n kó táyà fífẹ̀ 265 fún ẹ, ríìmù tìẹ ò ju ínǹṣì 5 tàbí 5.5 lọ.

Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba o. Tó o bá ti fi ọkọ̀ yẹn sí fọ́ọ̀-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn so pọ̀ gbọingbọin, kò sí dífà tó máa jẹ́ kí wọ́n yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ láàárín wọn, tí táyà iwájú bá kéré ju tẹ̀yìn lọ gíà ló máa jẹ ìyà ẹ̀. Tí ríìmù bá sì jẹ́ oníríbẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ìṣó irin kàn pọ̀, túùbù ló máa lò, afẹ́fẹ́ máa ń jò gba ibẹ̀. Táyà tuntun ni kó o rà. Ìjọba ti fòfin de kíkó irú táyà tókunbọ̀ báyìí wọ̀lú, wọ́n sì ṣì ń tà á, àwọn kan tiẹ̀ ń fi nǹkan kùn ún kó lè máa dán. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́bàá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

ÌBÉÈRÈ: Land Cruiser FJ40 ni mò ń wà, nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Wọ́n ní ríìmù Pajero àti Patrol á wọ̀ ọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá kan l'Ọ́báléndé.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, sà. Òbìrí nọ́ọ̀tì wọn bá tiyín mu lóòótọ́, mìlímítà 139.7 ni gbogbo wọn, àmọ́ ihò àárín Pajero ò ju 67 mìlímítà lọ, họ́ọ̀bù iwájú yín, irin àárín tí ríìmù ń wọ̀ lé, ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ti Patrol àtijọ́ máa gbà, ẹ má ṣáà gba nọ́ọ̀tì ẹ̀ mọ́ ọn, àlàfo ìlà tó lọ́ nínú ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.25, 1.5 ni tiyín, tí wọ́n bá fipá dè é ó máa ba bóòtù jẹ́. Èyí tó máa dáa jù fún yín ni ti Hilux àtijọ́. Ti Hilux tó jáde láti 2005 máa ń jókòó sínú jù, Land Cruiser 100 sì rèé, nọ́ọ̀tì márùn-ún ni. Tí wọ́n bá ti dè é tán, ẹ ní kí wọ́n yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún lósì kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀ wọn, tí ẹ bá sì ti wà á tó bíi kìlómítà 50, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tún gbogbo nọ́ọ̀tì náà dè.